Mo fi AdwCleaner gbá láptọ́ọ̀pù mi: ibi tó mọ́ àti ibi tó ṣẹ́ kù

Díákónì kan ló jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. A jọ ń wo ìwé ètò ìsìn tí mò ń bá a tẹ̀, ni ọmọbìnrin kan tí kò wọ nǹkan púpọ̀ bá yọ ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ó ní òun ò jìnnà sí mi, kí n wá bá òun sọ̀rọ̀. Bàbá wo ògiri. Èmi náà wo ògiri. Kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń pa á, òmíràn ti dé: wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ti wọ inú kọ̀ǹpútà mi, kí n tètè tẹ ibí. Mo ti ń rí àwọn nǹkan wọ̀nyí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, mò ń pa wọ́n mọ́ra. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n wá nǹkan ṣe sí i.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀, fọ́tòkọ́pì àti káàdì ìnáwó ni mò ń ṣe ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tó ń lo Windows 10 ló ń bọ́ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣílẹ̀kùn fún adware, ìyẹn ètò tó ń fi tipá gbé ìpolówó síwájú èèyàn. Oníbàárà kan gbé PDF wá, ó fẹ́ kí n yí orúkọ méjì padà nínú rẹ̀, ó sì ń kánjú. Mo wá ohun tó ń sọ PDF di Word lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. Wọ́n kọ "Sponsored" sí i lára, mi ò kà á. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ràgàjì kan ló kí mi káàbọ̀. Mo dáńlóòdù rẹ̀, mo wá ń tẹ "Next", "Next", "I agree", bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà. Ọ̀kan nínú àwọn ojú ìwé tí mo fò yẹn ní àpótí kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n ti bá mi fàmì sí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Word tó wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn mọ PDF í ṣí fúnra rẹ̀. Láti Word 2013 ló ti wà níbẹ̀: "File", "Open", ó tán. Ohun tó wà nílé ni mo lọ wá lọ síta.

Àwọn àmì tí mo rí kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ewé tí Chrome máa ń kọ́kọ́ ṣí yí padà. Bí mo bá wá nǹkan, á kọ́kọ́ gba ojú òpó kan tí mi ò mọ̀ rí kó tó gbé mi lọ síbi tí èsì wà. Àwọn ọ̀rọ̀ inú ìròyìn tí mò ń kà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà lábẹ́. Bí mo bá gbé máọ̀sì lé wọn, ìpolówó bàtà á yọ. Dátà 10GB tó máa ń gbé mi dé ọ̀sẹ̀ kẹta tán lọ́jọ́ kẹsàn-án. Mo lọ wo "Data usage" nínú Settings, orúkọ kan tí mi ò mọ bàbá rẹ̀ ló wà ní ipò kejì, lẹ́yìn Chrome.

Ẹ̀rọ ló ń ṣe é ni, àbí ojú òpó tí mò ń lọ ló kún fún ìpolówó? Ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ rọrùn: mo ṣí Wikipedia Yorùbá. Wikipedia kì í ta àyè ìpolówó fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá rí oògùn ìsanra tàbí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù láàárín rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà tìrẹ ló ti ń wá. Tèmi gbé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù jáde.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí mo ṣí àkójọ Chrome láti dá ojú ewé àkọ́kọ́ mi padà, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "Managed by your organization". Iléeṣẹ́ wo? Èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan, àti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tó máa ń há bébà, ni gbogbo iléeṣẹ́ náà. Adware ti kọ òfin sínú Windows, ó ń ṣe bí ọ̀gá tó ni kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí mo bá yí i padà láàárọ̀, tó fi máa tún wà bó ṣe wà nígbà tó bá di ọ̀sán.

Ẹnjiníà tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n mú ₦8,000 wá, òun á fọ́máàtì rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló sọ fún mi lórí fóònù pé, "Má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, lọ gba AdwCleaner."

Ètò tó ń wá adware rí, tó sì ń yọ ọ́ kúrò ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Xplode lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2011, Malwarebytes, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò ààbò kọ̀ǹpútà, sì rà á ní oṣù kẹwàá 2016. Orí ojú òpó Malwarebytes ni kí ẹ ti gbà á, nítorí ayédèrú rẹ̀ wà níta tó máa ní òun rí ẹgbàágbèje nǹkan, tó sì máa ní kí ẹ sanwó kóun tó yọ wọ́n. Ojúlówó kì í gba kọ́bọ̀. Fáìlì rẹ̀ kéré, kò ná mi ní dátà tó nǹkan, kò sì nílò pé kí n fi í sórí ẹ̀rọ: mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Windows nìkan ló wà fún o.

Mo tẹ "Scan Now". Omi gààrí mi ò tíì wọ̀ tó fi parí. Ó to ohun tó rí kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn ló ní "PUP.Optional" níwájú orúkọ, ìyẹn àwọn ohun tí èèyàn kò dìídì fẹ́ ṣùgbọ́n tó fọwọ́ sí láìmọ̀. Olùyípadà PDF ọ̀hún wà níbẹ̀, òun àti àwọn tó kó wá. Ó tún ya àwọn ohun tó bá ẹ̀rọ wá láti iléeṣẹ́ sọ́tọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn, nítorí ẹ̀rọ tuntun pàápàá kì í fi ìgbà gbogbo mọ́: láàárín 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2015, Lenovo ta àwọn láptọ́ọ̀pù kan tí Superfish ti wà lórí wọn, tó ń ki ìpolówó bọ ohun tí èèyàn ń wò, tó sì ń dá sí àárín ẹni àti ojú òpó tó yẹ kó wà ní títì, tó fi dé ti báǹkì. Ìjọba Amẹ́ríkà dá sí i, 2017 ni wọ́n yanjú rẹ̀.

Ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ kí ẹ tó tẹ "Quarantine" o! Ó máa ń pa gbogbo ohun tó ṣí, ó sì lè tún ẹ̀rọ tàn. Ìpè ìgbéyàwó tí mo ń tẹ̀ lọ́wọ́ bá a lọ. Àmọ́ kì í sọ nǹkan nù pátápátá. Àhámọ́ ló ń fi wọ́n sí, bó bá ṣèèṣì mú ohun tí ẹ nílò, ẹ lè tú u sílẹ̀. Òfin tí adware kọ fún Chrome dúró síbẹ̀ lẹ́yìn èyí. Nínú Settings AdwCleaner ni mo ti rí "Reset Chrome policies", mo tan án, mo tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Iléeṣẹ́ tí kò sí kógbá wọlé.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin igun kò lọ. Mo kọ́kọ́ bínú sí AdwCleaner, àṣé ẹjọ́ mi ni. Ojú òpó kan ti sọ fún mi rí pé kí n tẹ "Allow" láti fi hàn pé èmi kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, mo sì tẹ̀ ẹ́. Àṣẹ ni mo fún un, AdwCleaner ò sì rí àṣẹ tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ fún àlejò bí ẹ̀ṣẹ̀. Inú "Site settings", lábẹ́ "Notifications", ni mo ti lé e. Mẹ́rìnlá ni mo bá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, àfikún Chrome kan tí AdwCleaner ti yọ tún padà wá. Àkáǹtì Google mi ló ń dá a padà, nítorí ó ti fi í pamọ́ mọ́ àwọn nǹkan mi. Mo pa "sync", mo fi ọwọ́ ara mi yọ àfikún náà, kí n tó tún "sync" tàn.

Ìgbálẹ̀ ni AdwCleaner, kì í ṣe ọlọ́dẹ. Kì í dúró ṣọ́nà, ìgbà tí o bá pè é nìkan ló ń jí. Lẹ́yìn tó bá sì gbálẹ̀ tán, á polówó Malwarebytes tí wọ́n ń tà fún ẹ. Ẹni tó wá lé onípolówó, tó tún gbé igbá tirẹ̀ lérí. Ọlọ́dẹ tí mo fi sílẹ̀ ni ti Windows fúnra rẹ̀: nínú "App & browser control", "Reputation-based protection", mo rí i pé "Potentially unwanted app blocking" wà ní pípa lórí ẹ̀rọ mi, mo tan án. Mo tún gbé iṣẹ́ lọ sórí Firefox, mo fi uBlock Origin, àfikún tó ń dí ìpolówó, sí i, nítorí Chrome kò gba èyí tó pé mọ́, Lite rẹ̀ nìkan ló gbà. Ọmọ iṣẹ́ mi sì ti mọ̀ pé bí nǹkan bá bi í léèrè "Express" tàbí "Custom", "Custom" ni kó mú, kó kà á, kó tú gbogbo àmì tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan tó kù, ìpè ìgbéyàwó yẹn ló gbé e lọ.

Díákónì padà wá gba ìwé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ní, "Ẹ jókòó, sà, ẹ wá wò ó kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde." Ó ní kò sí wàhálà, òun lè wò ó láti ẹnu ọ̀nà.