Ìkìlọ̀ fún àwa tó ń po lọ́fínńdà: ìtọ́wò tí wọ́n fún yín kọ́ ni wọ́n máa kó wá ní kẹ́ẹ̀gì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń po lọ́fínńdà nílé, tí ọjà yín ti ń tà débi pé ìgò kéékèèké kò tó mọ́, tí ẹ sì ti ń wá ẹni tó máa ta òróró olóòórùn àti ọtí tí a fi ń pò ó fún yín ní kẹ́ẹ̀gì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Jìbìtì kan wà níta tó jẹ́ pé àwa tí iṣẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòòrò ni wọ́n dìídì ń fi dọdẹ. Ìtọ́wò tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún yín á dára, ojúlówó pọ́ńbélé ni. Ẹ óò ra díẹ̀, ìyẹn náà á dára. Ọjọ́ tí ẹ bá sanwó ọjà ńlá ni wọ́n á kó àbùlà fún yín.

Ẹni tó ń po ìgò 50 ml kan péré máa ń tètè mọ̀ bí òróró bá ti yí padà, ohun tó sì lè bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ po kílò 10 lẹ́ẹ̀kan, tó fẹ́ kí òróró jẹ́ ìdá 20 nínú 100, kílò 2 òróró ló máa dà mọ́ kílò 8 ọtí. Bó bá ti dà á pọ̀, kò sí bó ṣe máa yọ ọ́ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni atajà náà ti máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ. Á ní ẹ̀yin lẹ ò pò ó dáadáa. Á ní kí ẹ jẹ́ kó jókòó fún oṣù kan ná, pé òórùn rẹ̀ á jáde. Òótọ́ ni pé lọ́fínńdà máa ń dára sí i bó bá jókòó, ohun tó jẹ́ kí irọ́ yẹn rọrùn láti gbà nìyẹn. Àmọ́ jíjókòó kì í sọ òróró tí kò lágbára di alágbára. Kí oṣù náà sì tó pé, á ti ní ìgbà tí ẹ lè dá ọjà padà ti kọjá.

DPG (dipropylene glycol), ohun olómi kan, ni wọ́n sábà máa ń fi bu òróró là. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lóòórùn, kò láwọ̀, ó ń wọnú òróró, ó ń wọnú ọtí, ó sì ń wọnú omi. Lílò ó fúnra rẹ̀ kò burú. Àwa náà ń fi í yọ́ àwọn ohun tó ki tàbí tó le jù. Kí ènìyàn bò ó mọ́lẹ̀, kó sì gba owó odindi òróró lórí rẹ̀, ìyẹn ni olè. Bí ó ṣe ń wọnú omi yẹn ló máa tú u fó. Ẹ wọn òróró 10 ml sínú ìgò onílà tí a fi ń wọn nǹkan, ẹ bu omi 10 ml lé e, ẹ dé e pa, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ títí tí méjèèjì á fi pínyà. Bí òróró tó jẹ́ 10 bá ti di 7, tí omi sì ti gòkè sí 13, ohun kan tó tó 3 ml ti bá omi lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìtọ́wò tí ẹ fi pamọ́ náà, nítorí òróró mìíràn wà tí DPG díẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ wò.

Mo rí èyí fúnra mi lọ́dọ̀ atajà kan. Àkọlé kan náà ló wà lára gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó kó wá, nọ́ńbà kan náà, déètì kan náà. Àkọ́kọ́ tí mo ṣí dára. Èyí tó tẹ̀ lé e, òórùn kan náà ni, àmọ́ bí mo ṣe da díẹ̀ sínú ife, ó ń ṣàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdánwò omi ló sọ ìyókù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ni kó dán wò, kó má fi ọ̀kan ṣe ẹlẹ́rìí fún ìyókù.

Omi kò lè mú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń bu òróró là o. IPM (isopropyl myristate), ọ̀kan nínú wọn, kì í wọnú omi. Fún irú ìyẹn, ẹ wọn gíráàmù 1 òróró sínú gíráàmù 99 ọtí, ti ìtọ́wò lọ́tọ̀, ti ọjà tuntun lọ́tọ̀. Ẹ tọ́ wọn sí bébà tín-ín-rín, kí ẹlòmíràn kọ àmì sẹ́yìn bébà náà kí ẹ má baà mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹ gbóòórùn wọn lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn wákàtí kan, àti lọ́jọ́ kejì. Bí òórùn ọjà tuntun bá ń kọ́kọ́ kú ní gbogbo ìgbà, ẹ ti rí ìdáhùn. Àwọn tó ń ra Galaxolide, ohun olóòórùn kan tí a ń pò mọ́ lọ́fínńdà, ẹ fojú sí i: ògidì rẹ̀ ki bí oyin. Bó bá ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdajì tí wọ́n ti fi nǹkan mìíràn yọ́, wọ́n sì ń ta irú ìdajì bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ẹni tó bá pè é ní ògidì fún yín ló purọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ọtí. Owó ni òróró àbùlà máa jẹ yín, ṣùgbọ́n methanol, oríṣi ọtí kan tó jẹ́ májèlé, tí wọ́n tà ní orúkọ ethanol, ọtí tí a fi ń po lọ́fínńdà, lè fọ́ ojú ènìyàn, ó sì lè pa á. Ó ń gba awọ ara wọlé, ó ń gba imú wọlé. Inú ara ló ti ń di formic acid, iṣan ojú ni ìyẹn sì ń bà jẹ́. Ẹ má rò pé òṣùwọ̀n ọtí tí à ń sọ sínú ìgò máa gbà yín. Lítà kan ethanol wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 789 ní 20°C, ti methanol jẹ́ nǹkan bíi 792. Òṣùwọ̀n náà ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Omi tí wọ́n bá fi kún ọtí ló lè fi hàn. Ẹ má sì tẹ̀ lé àwọn tó ń sọ pé kí ẹ tanná sí i kí ẹ wo àwọ̀ iná rẹ̀: iná méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí lójú ọ̀sán, èéfín ọtí sì ń gbaná nínú yàrá lásán. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé CAS (nọ́ńbà tí a fi ń dá kẹ́míkà mọ̀) 64-17-5, ìyẹn ethanol, ni, tó sì sọ iye methanol tó wà nínú rẹ̀. CAS 67-56-1 ni ti methanol. Bí ọtí bá pọ̀, ẹ sanwó kí iléeṣẹ́ àyẹ̀wò fi GC, ẹ̀rọ tó ń ya ohun tó wà nínú ọtí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé náà fúnra rẹ̀, ẹ kà á. Nọ́ńbà orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ara kẹ́ẹ̀gì mu. Ẹ béèrè ìwé IFRA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe ohun olóòórùn, fún òróró kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wá CAS 80-54-6 nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Lilial, ohun olóòórùn kan, nìyẹn. Wọn ò gbà á láyè nínú ohun ìṣaralóge ní Yúróòpù mọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022, nítorí ó lè ṣàkóbá fún ọmọ bíbí. Ẹni tó bá ní òróró àtijọ́ tó ní in nínú lè fẹ́ tà á ní ọ̀pọ̀ fún ẹni tí kò ní béèrè.

Atajà tó bá ń kán yín lójú pé kẹ́ẹ̀gì kan ló kù, tí kò fẹ́ kí ẹ fi òǹtẹ̀ ìdérí wé fọ́tò ti ojúlówó, tó ní kí ẹ san gbogbo owó sí àpò ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti ilé ìtajà mu, ẹ fi í sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ po gíráàmù 100 nínú rẹ̀ kí ẹ tó po kílò 10, kí ẹ sì máa bu díẹ̀ pamọ́ látinú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ti ra èyí tí ẹ ń fura sí, ẹ má dà á mọ́ èyí tó dára pé ẹ fẹ́ fi gbà á là. Ẹ dé e padà, ẹ ya fọ́tò àkọlé àti ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí atajà náà, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ ọtí ni, ẹ pe gbogbo ẹni tí ẹ ti ta ìgò fún pé kí wọ́n má fín in mọ́. Ẹni tó bá ń bì, tí orí ń fọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kó mú ìgò náà dání, kó sì dárúkọ methanol fún dókítà. Àmì rẹ̀ lè pẹ́ tó wákàtí 24 kó tó yọ, ìtọ́jú rẹ̀ sì wà.