Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú tí ọmọbìnrin ń wà nídìí ẹ̀rọ

Ìwé ètò ìsìnkú bàbá mi ló gbé mi dé ibẹ̀: ojú ewé 24, ẹ̀dà 300, fọ́tò aláwọ̀ káàkiri. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Níbi tí mo ti tẹ ìwé ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́sí (mi ò ní dárúkọ wọn), eyín ìyàwó di ìlà méjì nínú fọ́tò.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg GTO aláwọ̀ kan, èyí tó ń tẹ àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n ń lò níbí náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bébà kan ń gba inú rẹ̀ kọjá: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú. Bí ọ̀kan bá fi bíńtín yẹ̀ lórí èkejì, ó parí nìyẹn.

Nígbà tí mo wọlé, mo rò pé ara àwọn tó ń to ojú ewé ni ọmọbìnrin tó dúró síbẹ̀. Ẹ ò ní bá mi jà, ohun tí mo máa ń rí ní Ṣómólú nìyẹn: obìnrin á máa ká bébà, á máa tò ó, á máa fi wáyà rán an, ọkùnrin ló ń di ẹ̀rọ mú, òun náà ló sì ń gbowó gidi. Àfi bí ọmọ náà ṣe fa bébà kan yọ, tó gbé awò kékeré lé àmì àgbélébùú tó wà létí rẹ̀, tó di ojú kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní sùúrù. Pupa ò tíì bọ́ sí régísítà." Ìyẹn ni pé àwọ̀ pupa ò tíì jókòó gẹ́lẹ́ lórí àwọn yòókù.

Ó yí nǹkan kan díẹ̀, ó tún tẹ òmíràn, ó tún wò ó. Bébà tó kó dànù á tó 40 kó tó gbà pé ojú bàbá mi ti dára.

Mo bi ọ̀gá wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, bó ṣe ń rí ọmọbìnrin gbà síṣẹ́. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ló ń lé ọmọbìnrin sá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, àti iṣẹ́ òru. Àwa tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn l'Ábẹ́òkúta ní 1859, ibi tí obìnrin máa tọ̀ sí la ò tíì rí kọ́! Tiwọn wà lẹ́yìn, ó mọ́, ó ní kọ́kọ́rọ́. Kò sí ọmọbìnrin tó ń sùn sídìí ẹ̀rọ nítorí àríyá ọjọ́ Sátidé ẹnikẹ́ni. Ní ti ẹrù, rímù bébà dídán kan, íǹsì 25 sí 36, giráàmù 115 ní mítà onígun mẹ́rin kan, lé ní kílò 30. Àǹtí ní ọkùnrin pàápàá kò gbọdọ̀ fi orí rù ú. Ọmọlanke kékeré ni wọ́n fi ń tì í.

Wọ́n fi ₦15,000 wọ́n ju aládùúgbò wọn lọ. Ọjọ́rú ni wọ́n dá fún mi, Ọjọ́bọ̀ ni mo rí i gbà, nítorí jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́. Oníkọ̀ǹpútà wọn sì kọ orúkọ ìdílé wa láìfi àmì kan sí i. Èmi ni mo rí i. Ẹ ka tiyín dáadáa kí wọ́n tó ṣe pléètì, ìyẹn pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ ìwé.

Àbúrò mi obìnrin, tó ti wà nílé láti ìgbà tó ti ṣe WAEC, bá mi lọ gbé ìwé náà. Nígbà tí mo fi máa ka owó tán, ó ti lọ bá Àǹtí. Wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó má wọ aṣọ funfun.