Dortmund àbí West Springfield?
Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ájàṣẹ́ sọ pé Amẹ́ríkà ló yẹ ká ti lọ wo rélùwéè kékeré, irú èyí táwọn èèyàn ń kọ́ sórí tábìlì, torí àfihàn Amherst tí wọ́n ń ṣe ní West Springfield tóbi gan-an, ilé ńlá mẹ́rin ló ń kún. Òótọ́ ni wọ́n sọ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré ni, lóṣù kìíní, nínú òtútù burúkú, dọ́là sì ń lọ sókè sódò, èèyàn ò lè mọ iye sẹ́fà tó máa ná.

Àfihàn Intermodellbau ti Dortmund ní Jámánì, oṣù kẹrin ni, ọjọ́ mẹ́rin, yúrò kan sì ni nǹkan bíi sẹ́fà 656, kì í yí. Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ sí Paris, ọkọ̀ ojú irin gangan lẹ máa wọ̀ débẹ̀, ṣé ẹ ò rí i pé ìyẹn dùn!

Èmi tí mo fẹ́ kọ́ gáà rélùwéè Ṣábẹ̀ẹ́ sórí tábìlì, Dortmund ni tèmi. Ojú irin tiwa ní orílẹ̀-èdè Benin fẹ̀ ní mítà kan, tẹ́ ẹ bá fi 87 pín in (ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń dín rélùwéè kù kó lè di kékeré), mìlímítà 12 ni wọ́n ń lò fún un, irú ẹ̀ sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Yúróòpù, torí Switzerland náà ní irin mítà kan. Ọ̀rọ̀ físà ṣá, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ibi yòówù kẹ́ ẹ mú.