Bọ́ọ̀sì tó ń làágùn lóru: fáànù, fóòmù àbí ẹ̀rọ afami, èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹni tó fẹ́ sọ Hiace, LT tàbí Sienna rẹ̀ di ọkọ̀ tí èèyàn lè sùn sí la kọ èyí fún: oníṣòwò tó ń sùn mọ́jú ọjà, àwọn tó ń ya fíìmù káàkiri, àwọn elétò ìlera tó ń ti Òmù-Àrán wọ abúlé lọ, tàbí ìdílé tó fẹ́ sùn nítòsí omi Òwù ní Ifẹ́lódùn. Káfíńtà á ti kan bẹ́ẹ̀dì, rewáyà á ti fa iná, gbogbo rẹ̀ á dùn ún wò. Ṣùgbọ́n lóru tí èèyàn méjì bá kọ́kọ́ ti wíńdò pa sùn síbẹ̀, omi á ti máa kán láti òrùlé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà.

Ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀bítà pé òrùlé ń jò. Ọkọ̀ tó ń jò, ojú kan ni omi ti ń wọlé, ìgbà tí òjò bá sì rọ̀ ni. Bí gbogbo gíláàsì bá rin, tí irin ilẹ̀kùn náà rin, lóru tí òjò kò rọ̀ rárá, òógùn ni ọkọ̀ náà ń là. Ara àwọn tó sùn ni omi ọ̀hún ti jáde. Èèyàn kan tó ń sùn máa ń tú omi bíi 40 girámù sínú afẹ́fẹ́ ní wákàtí kan, nínú èémí àti òógùn. Ti èèyàn méjì fún wákàtí 8 ju ìlàjì lítà lọ. Gáàsì ìdáná tún burú ju ìyẹn: kílò kan rẹ̀ tó bá jó tán á tú omi tó lítà kan àbọ̀ sáfẹ́fẹ́, ká má tíì ka èyí tó ń hó nínú ìkòkò. Ìta ni kí ẹ ti máa dáná, lábẹ́ tàpólì. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì sí ohun tí ẹ máa rà lọ́jà tó tó o.

Ohun tó ń sọ omi yìí di ìṣòro ni pé afẹ́fẹ́ tó tutù kò lè gbé omi púpọ̀. Ní 25°C, kúbíìkì mítà kan lè gbé 23 girámù. Ní 20°C, 17 péré. Èyí tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ bọ́ sórí nǹkan, orí ohun tó bá sì tutù jù ló máa ń bọ́ sí, ìyẹn irin àti gíláàsì.

Ní Ìlọrin, ìgbà ọyẹ́ àti oṣù kẹjọ kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà rárá. Òru ọyẹ́ tó jẹ́ 20°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà ní 30%, girámù 5 péré ló wà nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ òde. Òru oṣù kẹjọ tó jẹ́ 22°C tí ọ̀rinrin sì wà ní 95%, girámù 18 ló ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mí sí i. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn tí àwọn ará Bìrìtéènì àti Jámánì ń kọ nípa ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn sí kò fi bá tiwa mu tán. Ìgbà òtútù ni wọ́n kọ tiwọn fún, nígbà tí omi inú afẹ́fẹ́ òde wọn kéré gan-an, wọ́n sì tún ní hítà nínú ọkọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, fáànù nìkan tó nígbà ọyẹ́. Lásìkò òjò, fáànù pẹ̀lú ohun tó bo irin ni.

Fáànù: ti orí òrùlé àbí ti kọ̀ǹpútà?

Nínú àwọn fáànù orí òrùlé, MaxxFan Deluxe lorúkọ rẹ̀ tàn jù. Ihò ínṣì 14 níbùú lóròó ló ń gbà, fólítì 12 ló ń lò, ìdérí rẹ̀ sì wà lára rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó lè máa ṣiṣẹ́ bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ìdérí yẹn gan-an ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Àwọn fáànù olówó pọ́ọ́kú kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ pa dé nígbàkigbà tí òjò bá ṣú, oṣù tí ẹ nílò fáànù jù sì ni oṣù tí òjò ń rọ̀ jù. Irú èyí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ìkejì ni fáànù kọ̀ǹpútà oní-120 mílímítà, fólítì 12 náà. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èèyàn méjì ń tú 80 girámù omi jáde ní wákàtí kan. Nígbà ọyẹ́, kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ bíi 10 ní wákàtí kan ti tó láti kó o jáde. Ní oṣù kẹjọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti gbé omi tirẹ̀ wá, á tó 30 sí 40. Fáànù kọ̀ǹpútà kan tí nǹkan kan kò dí lójú lè fẹ́ tó 80, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì lè gé e sí ìlàjì. Méjì ti tó, ó tún ṣẹ́kù. Méjèèjì kì í sábà ju ìlàjì áńpù lọ, ìyẹn nǹkan bí áńpù-wákàtí 4 àbọ̀ fún wákàtí 9. Bátìrì áńpù-wákàtí 100 kò ní mọ̀ pé ẹ lo nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé omi nìkan ló ń dà á láàmú, fáànù kọ̀ǹpútà ni kó rà. Ẹni tó máa ń sùn sínú ọkọ̀ ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru kò jẹ́ kéèyàn sùn, fáànù orí òrùlé ni kó sapá rà, torí atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí ara lóru ooru ló ń sanwó fún.

Fífi méjèèjì sípò yàtọ̀ gan-an. Ti kọ̀ǹpútà, ẹ kò ní láti gé irin. Ẹ gé plywood tàbí Perspex (ike líle tó dà bíi gíláàsì) tó bá ojú wíńdò onífífà mu, ẹ lu ihò méjì sí i, ẹ kọjú fáànù sóde, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí i láti inú, ẹ ṣe bèbè kékeré sókè rẹ̀ kí òjò má baà ta wọlé. Ẹ fi fíúsì áńpù 2 sí wáyà rẹ̀ nítòsí bátìrì. Ti orí òrùlé, àárín egungun òrùlé méjì ni kí ẹ gé, ẹ má gé egungun fúnra rẹ̀. Ẹ fi fáìlì họ ẹnu irin tí ẹ gé, ẹ kùn ún ní ọ̀dà tó ń dènà ìdógùn-ún kí ẹ tó gbé fáànù lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù butyl tàbí gọ́ọ̀mù polyurethane dí etí rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Sílíkónì ilé ìwẹ̀ tó ń rùn bíi fínígà, ẹ má jẹ́ kó dé ibẹ̀; ohun tó ń rùn yẹn ń jẹ irin.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ ju gbogbo èyí lọ: ihò ìjáde wà, ihò ìwọlé kò sí. Fáànù á máa yí, á máa pariwo, afẹ́fẹ́ kò ní kúrò lójú kan. Ẹ ṣí wíńdò ìka méjì ní òdìkejì fáànù, nísàlẹ̀, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ sí i. Tí ihò méjèèjì bá súnmọ́ra, afẹ́fẹ́ á kàn gba ọ̀nà kúkúrú jáde, ibi tí ẹ sùn kò ní rí i. Láti dán an wò, ẹ di tíṣù pẹ́ẹ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ mú lójú ihò ìwọlé. Bó bá ń fì wá sínú, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá dúró gbagidi, ẹ ṣí wíńdò náà sí i.

Fóòmù: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù

Irin tó wà lára bọ́ọ̀sì á rin lóṣù kẹjọ bí kò bá sí ohun tó bò ó, bí fáànù tilẹ̀ ń yí. Ohun tí à ń wá ni fóòmù tí omi àti afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá, tó sì lẹ̀ mọ́ irin láìsí àlàfo.

Èyí tí a fọwọ́ sí jù ni róbà dúdú tí àwọn tó ń tún AC ṣe fi ń wé páìpù. Ó ní èyí tó jẹ́ pẹlẹbẹ, nípọn mílímítà 10, 19 tàbí 25. Mílímítà 19 la fẹ́ràn fún òrùlé, 10 sì tó fún inú ilẹ̀kùn. Ó máa ń tẹ̀ mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ irin, èyí ló sì fi borí àwọn yòókù.

Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ojú fàdákà, tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ páànù ilé, rọjú díẹ̀, omi kò sì ń wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé fàdákà náà ló ń ṣe iṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ní tààrà. Fàdákà kò lè dá ooru padà láìjẹ́ pé àlàfo afẹ́fẹ́ wà níwájú rẹ̀. Nínípọn fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Tí kò bá tó mílímítà 10, ẹ lẹ̀ ẹ́ ní ìpele méjì.

Styrofoam funfun tí wọ́n fi ń kó ẹja tútù kò wọ́n, kì í sì í fa omi tó bẹ́ẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò tẹ̀. Òrùlé bọ́ọ̀sì sì tẹ̀. Àlàfo á wà lẹ́yìn rẹ̀, omi á máa kó síbẹ̀ níbi tí ojú yín kò tó, irin á dógùn-ún díẹ̀díẹ̀. Ó tún ń yára gbaná.

Fóòmù tí à ń sùn lé, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin láéláé. Ó ń mu omi bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀. Òwú fíbà náà rí bẹ́ẹ̀: bó bá ti rin, á wó lulẹ̀, á sì fi irin sílẹ̀ níhòòhò lókè. Kápẹ́ẹ̀tì tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ òrùlé kàn ń fi omi pamọ́ ni, títí á fi bu tí á sì máa rùn.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù tí orúkọ tí wọ́n fi pe fóòmù kò yé yín, ẹ bẹ̀ wọ́n ní ègé kékeré kan. Ẹ gbé e sẹ́nu, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i gidigidi. Tí atẹ́gùn bá jáde lódìkejì, ẹ dá a padà. Tí kò bá jáde, ẹ gbé e délé, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú abọ́ omi títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ fún un. Tí omi bá tú jáde, ẹ má rà á.

Hiace máa ń gba nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 12 sí 15 fún òrùlé, ẹ̀gbẹ́ àti ilẹ̀kùn. Ẹ fi téèpù wọn tiyín, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún èyí tí ẹ máa gé dànù. Òrùlé irin lè gbóná kọjá 60°C nínú oòrùn oṣù kẹta, nítorí náà ẹ béèrè gọ́ọ̀mù tó gba irú ooru bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù lásán á jẹ́ kí fóòmù já lulẹ̀. Ẹ fi spírítì nu irin, ẹ pa gọ́ọ̀mù sí ojú méjèèjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ títí tí kò fi ní mọ́ ìka mọ́, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ní àwọn ihò kékeré tí omi òjò ń gbà jáde. Ẹ má dí wọn o! Ilẹ̀kùn tí ihò rẹ̀ bá dí á di kẹ̀ǹgbè omi, á sì jẹrà láti inú.

Ẹ̀rọ afami àti sáṣẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀rọ afami, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, oríṣi méjì rẹ̀ ló wà lọ́jà. Kékeré tó ń lo Peltier (pẹpẹ kékeré tí iná mànàmáná ń mú kí ojú rẹ̀ kan tutù), tó lè jẹ́ wáàtì 20 sí 60, kì í fa ju ìlàjì lítà lọ láàárín wákàtí 24, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì dé bẹ́ẹ̀. Ní òru kan, ohun tó máa fà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí èèyàn méjì tú jáde. Fún ẹni tó ń sùn sínú ọkọ̀, owó rẹ̀ kò pé rárá. Èyí tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ gidi, àmọ́ bíi wáàtì 200 ló ń jẹ. Lórí bátìrì áńpù-wákàtí 100 tí ẹ kò fẹ́ lò ju ìlàjì lọ, kò ní kọjá wákàtí 3. Ibi tó wúlò ni ọgbà ilé, níbi tí iná mànàmáná wà, tí ẹ páàkì bọ́ọ̀sì fún oṣù méjì láàárín òjò, tí ẹ kò fẹ́ kí aṣọ inú rẹ̀ bu.

Sáṣẹ́ẹ̀tì calcium chloride, irú iyọ̀ kan tó ń fa omi mọ́ra, ń fa omi dáadáa nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ti pa, kò lágbára fún odidi ọkọ̀. Omi tó ń kó jọ nínú rẹ̀ jẹ́ omi iyọ̀ tó ń jẹ irin, nítorí náà inú abọ́ jíjìn ni kó wà, kì í sì í ṣe lórí ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Ọ̀fà.

AC ọkọ̀ ń gbẹ afẹ́fẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ẹ má sùn sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lórí iná, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ẹ má sì gbé ìkòkò èédú wọnú ọkọ̀ nítorí òtútù ọyẹ́. Gáàsì olóró tó ń jáde níbẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Gíláàsì, bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ ìwọ̀n

Ìbòrí gíláàsì tí ẹ bá ta láti òde dára ju ti inú lọ, torí ó ń jẹ́ kí gíláàsì fúnra rẹ̀ móoru. Ti inú kàn ń fi gíláàsì tútù pamọ́, omi á sì kó sẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́ fóòmù ìsùn, ẹ má fi pákó pẹlẹbẹ sí i. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àlàfo ìka mẹ́ta láàárín ara wọn, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin kí ẹ tó ra ohunkóhun nínú gbogbo èyí. Nígbà ọyẹ́, kò yẹ kó kọjá 60% nínú ọkọ̀. Ní oṣù kẹjọ, ẹ má bá nọ́ńbà jà, ẹ kàn rí i pé ti inú kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti òde lọ. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ló ń purọ́ láti inú páálí, nítorí náà ẹ dán tiyín wò: ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kó kàn rin láìyọ́, ẹ gbé òun àti ẹ̀rọ náà sínú nylon kan, ẹ so ó pinpin fún wákàtí 8. 75% ló yẹ kó kọ. Bó bá kọ 70, ẹ máa fi 5 kún gbogbo ohun tó bá sọ.