Àgbéyẹ̀wò Ṣọ́ọ̀bù Ẹja Òkun kan ní Ìkòròdú: Bí Wọ́n Ṣe ń Dá Anẹ́mónì Kápẹ́ẹ̀tì Mọ̀

Anẹ́mónì kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ àlùkò, ìyẹn ẹranko òkun aláìléegun kan tí ojú rẹ̀ lókè tẹ́ bí ẹní, ni mo lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòròdú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgbógbò, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja òkun àti àwọn ẹ̀dá inú òkun mìíràn tí wọ́n ń kó wọ̀lú láti òkè òkun. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí n tó sanwó ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí: wọ́n dá ẹ̀dá náà mọ̀ níṣojú mi, wọ́n fi ẹ̀rí hàn mí lára rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sínú rìsíìtì. Mo ti ń sin ẹja òkun tipẹ́, mo sì mọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó láàárín àwọn tó ń ta ọjà yìí ní Èkó, nítorí pé ohunkóhun tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ lójú, kápẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yà mẹ́ta ló sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí, àwọn ni Stichodactyla haddoni, Stichodactyla gigantea àti Stichodactyla mertensii. Inú iyanrìn ni haddoni ń ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, bí nǹkan bá sì dẹ́rù bà á, á fa gbogbo ara rẹ̀ wọ abẹ́ iyanrìn lọ. Gigantea fẹ́ràn omi tí kò jìn, tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, tí omi sì ń ṣàn dáadáa. Ó ṣòro láti tọ́jú, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìrìn àjò. Mertensii ní tirẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ àpáta iyùn, ojú rẹ̀ sì lè fẹ̀ ju mítà kan lọ. Ẹni tí wọ́n bá ta mertensii fún ní orúkọ haddoni, tó wá gbé e sínú táǹkì kékeré tí iyanrìn kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ ti bómi lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń sin clownfish pẹ̀lú, ìyẹn ẹja kékeré tó ń gbé láàárín ọwọ́ anẹ́mónì, nítorí pé nínú òkun, ẹ̀yà clownfish méjì, ocellaris àti percula, máa ń bá gigantea gbé, wọn kì í bá haddoni gbé. Polymnus, ẹ̀yà clownfish mìíràn, ló ń bá haddoni gbé ní tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn kò fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀ ná.” Inú àwo gíláàsì ni wọ́n jẹ́ kí anẹ́mónì náà lẹ̀ mọ́, nítorí náà nígbà tó wọ ìbọ̀wọ́, tó sì rọra gbé àwo náà sókè nínú omi, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìhà ara rẹ̀ kedere láti ìsàlẹ̀. Àwọn kókó kéékèèké tó wà ní ìhà yẹn ni ó ní kí n máa wò. Ti gigantea máa ń ní àwọ̀ búlúù tàbí pupa rúsúrúsú, ojú á sì rí i láìwá a. Ti mertensii máa ń tò ní ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á sì pọ́n bí àwọ̀ ọsàn tàbí kí wọ́n jẹ́ pupa tó fara jọ àlùkò. Ti èyí tí a ń wò kò yàtọ̀ sí awọ ara rẹ̀, àfi kí n sún mọ́ gíláàsì kí n tó rí wọn. Àmì haddoni nìyẹn.

Síbẹ̀ kò dúró níbẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ tó ń ti omi káàkiri, ó ní kí n wo àwọn ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ gigantea gùn díẹ̀, wọn kì í sì í yé gbọ̀n kódà nígbà tí omi bá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ti èyí dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n kúrú, orí wọn rí roboto, ní etí àwo ojú rẹ̀ sì ni ọwọ́ gígùn àti ọwọ́ kúkúrú ti ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìpààrọ̀. Nígbà tí mo fi ìka ọwọ́ tí mo wọ ìbọ̀wọ́ sí kàn án, ó gbá a mú débi pé orí ọwọ́ wẹ́wẹ́ díẹ̀ já mọ́ ọ̀rá ìbọ̀wọ́ náà. Bí haddoni tàbí gigantea tó lera ṣe ń ṣe nìyẹn. Mertensii kì í lẹ̀ mọ́ni tó bẹ́ẹ̀, èyí tí kò bá sì lẹ̀ mọ́ni rárá nínú àwọn méjì àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ̀yìn èyí la tó dé orí àwọ̀, ibẹ̀ sì ni ìyàn pọ̀ sí jù. Àwọ̀ eérú, àwọ̀ rúsúrúsú àti àwọ̀ ewé tó ṣú ló wọ́pọ̀ lára haddoni. Pupa, búlúù àti àlùkò ló ṣọ̀wọ́n, àwọn ni owó wọn sì ń ga fíofío. Àmọ́ àwọ̀ ewé wà lára ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà kò sí àwọ̀ kan tí ènìyàn lè fi dá orúkọ mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, nínú ara ọ̀pọ̀ anẹ́mónì ni pùrótéènì kan wà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù sára, tó sì ń tan án padà ní àwọ̀ ewé, tó fi jẹ́ pé ohun tó ń tàn yanran lábẹ́ iná búlúù lè wá di rúsúrúsú lásán lábẹ́ iná funfun. Wọ́n tan iná funfun fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Àlùkò náà rẹlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, rúsúrúsú sì wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó dára gan-an. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí à ń pè ní zooxanthellae, tí ń gbé nínú ara anẹ́mónì tí wọ́n sì ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un, ló ni rúsúrúsú yẹn. Anẹ́mónì tó ti pàdánù wọn á funfun báláú, bí àwọn oníṣòwò kan bá sì pa irú èyí láró, á ní àwọ̀ ìyeyè tàbí pínńkì kan ṣoṣo láti ojú dé ẹsẹ̀. Aró náà á ṣí, ebi á sì máa pa ẹ̀dá náà.

Oníṣòwò kan níbòmíràn ti sọ fún mi rí pé etíkun Àgbádárìgì ni wọ́n ti mú gigantea tirẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀yà mẹ́ta yìí ní òkun tiwa. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé wọn. Omi ọ̀sà tó wà ní Èbúté Ìkòròdú náà kò wúlò fún wọn, nítorí pé iyọ̀ rẹ̀ kéré, ó sì tún ń já wálẹ̀ sí i lásìkò òjò. Ṣọ́ọ̀bù yìí ń ta omi tí wọ́n ti po iyọ̀ òkun sí, èyí tí mo wọ̀n nílé tí mo sì bá ìwúwo rẹ̀ (bó ṣe wúwo tó sí omi lásán) ní 1.025 gẹ́lẹ́, bó ṣe yẹ kó rí.

Ohun méjì ni n kò fẹ́ràn. Àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, abẹ́ iná búlúù ni wọ́n ti ń yà á, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ ohun tí iná yẹn ń ṣe ju èmi lọ. Èyí kò bá òtítọ́ tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù mu. Èkejì, “ọ̀wọ́n” ni wọ́n kọ sára gbogbo èyí tí kì í bá ti í ṣe àwọ̀ eérú, tí ó fi di pé aláwọ̀ ewé tó wọ́pọ̀ ń gba owó tí kò tọ́ sí i.

Nínú táǹkì mi, ó ti ri ẹsẹ̀ mọ́ iyanrìn tó jìn, ooru omi wà láàárín 25 sí 27 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, bátìrì sì ń gbé ẹ̀rọ omi nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Àlùkò rẹ̀ kò ṣí. Mo kó àwọn ẹja kéékèèké kúrò níbẹ̀, nítorí pé haddoni ń jẹ ẹja tó bá rìn gbéregbère kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ ra ti yín, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí wọ́n tó tan iná búlúù, kí ẹ sì béèrè èyí tó wà nínú àwo gíláàsì, torí wọn kì í fi agbára yọ èyí tó ti lẹ̀ mọ́ òkúta fún oníbàárà láti wo abẹ́ rẹ̀.