Odò Zambezi: ẹ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó gun hẹlikópítà

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà tí a ti dé ni wọ́n ti ń bi mí pé ṣé ìrìnàjò wa sí Victoria Falls yẹn tó owó tí a ná sí i, mo sì ti sọ ọ́ fún èèyàn bíi mẹ́wàá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa jọ kà á. Ó tó o. Ó tó dáadáa. Àmọ́ bí wọ́n ṣe tà á fún wa l'Ékòó kọ́ ló yẹ kí ẹ ṣe rà á, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pé ọmọ ọdún 50 ní oṣù kẹwàá. Gbogbo ẹbí ti ń retí aṣọ ẹbí, wọ́n tiẹ̀ ti ń bèèrè owó họ́ọ̀lù ní Sùúrùlérè, ni Àǹtí bá ní àwọn ò ṣe pátì kankan, omi ni àwọn fẹ́ lọ wò. Ẹnu yà wá. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí wa sí, etí ọ̀sà la ti dàgbà, síbẹ̀ Àǹtí ò jẹ́ fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi, kódà kí go-slow dè wá mọ́ orí Third Mainland fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n á ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn ju kí àwọn lọ wọ bóòtù ní CMS lọ. Àwọn yìí náà ló wá ní kí a lọ síbi tí odidi odò ti ń já sínú ọ̀gbun.

Fún ẹni tí ò bá mọ ibẹ̀, Victoria Falls ni, lórí ààlà Zambia àti Zimbabwe. Odò Zambezi á máa bọ̀ jẹ́jẹ́, ó fẹ̀ lọ salalu, erékùṣù kéékèèké wà láàárín ẹ̀, àfi bó ṣe já lójijì sínú ọ̀gbun tóóró kan. Fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mítà 1,708, gíga ẹ̀ mítà 108. Ẹ wo Cocoa House tó wà n'Íbàdàn, mítà 105 nìyẹn, ẹ wá to irú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí tó máa fi ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ, kí omi wá máa dà látorí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ràn Olúmirin ní Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà gan-an, mo ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ eléyìí yàtọ̀, àyà èèyàn á máa gbọ̀n pẹ̀lú ilẹ̀ tó dúró lé. Mosi-oa-Tunya ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, èéfín tó ń sán bí àrá. Livingstone, òyìnbó arìnrìnàjò kan, débẹ̀ ní 1855 ló bá fi orúkọ ọbabìnrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ọbabìnrin yẹn kan náà tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe Victoria Island tiwa, ilẹ̀ Ìrú. Mosi-oa-Tunya lèmi ń pè é báyìí. Ó dún bí oríkì, òótọ́ sì ni, torí èéfín ẹ̀ la kọ́kọ́ rí lókèèrè kí a tó rí omi kankan.

Ẹ́jẹ́ǹtì tó ṣètò ẹ̀ fún wa, mainland níbí ló wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti gbìyànjú: físà wa jáde lásìkò, wọ́n ń rán wa létí yellow card lójoojúmọ́ (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ má fi ṣeré, tí ẹ bá ti Nàìjíríà lọ, wọ́n máa bèèrè ẹ̀), nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà la fò dé Johannesburg, bàálù kejì ò sì tó wákàtí méjì, dẹ́rẹ́bà sì ti dúró dè wá nígbà tí a jáde. Níbi tí wọ́n ti kùnà, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ló wà nínú owó tí a san, a débẹ̀ tán a rí i pé owó hẹlikópítà ò sí nínú ẹ̀, owó ìwọlé ọgbà ìjọba náà ò sí nínú ẹ̀, àfi ká tún máa ka dọ́là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn mí jù. Kí a tó kúrò n'Ékòó ni mo ti bèèrè ọkọ̀ ojú omi tó ń gba inú ọ̀gbun kọjá, ọmọbìnrin tó ń dá wa lóhùn ní, "Mà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, wàhálà nìyẹn, tí ẹ bá ti gun hẹlikópítà ẹ ti rí gbogbo ẹ̀ nìyẹn." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo rò pé òun fúnra ẹ̀ ò débẹ̀ rí ni, mi ò bínú sí i, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí n gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́ kí n sì pàdánù ohun tó dáa jù nínú gbogbo ìrìnàjò náà.

Ọkọ̀ ojú omi oríṣi méjì ló wà, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ti àkọ́kọ́ wà lókè, kí odò tó dé ibi tó ti ń já, ọkọ̀ ńlá tó lórùlé, ó ń rọra lọ nírọ̀lẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Èyí ni Àǹtí wọ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọn ò sọ̀rọ̀, ètè wọn ń mì, mo mọ̀ pé Sáàmù ni wọ́n ń kà. Nígbà tó yá erinmi kan gbórí sókè lẹ́bàá koríko, ó yán, ẹnu ẹ̀ gbòòrò bí ẹnu ilẹ̀kùn, ni Àǹtí bá fi ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n yọ fóònù. Láti ìgbà yẹn, tiwọn ti dáa. A rí àwọn erin tó wá mumi ní etí odò, a rí ọ̀nì méjì lórí yanrìn. Tí ẹ bá ń kó bàbá tàbí ìyá àgbà lọ, èyí ni kí ẹ mú wọn wọ̀, ọkàn wọn á balẹ̀.

Èkejì ni ti inú ọ̀gbun, Batoka Gorge. Ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni, raft, gbogbo yín lẹ máa di àjẹ̀ mú tí ẹ máa wà á. Àǹtí ní àwọn ò bá mi dé ibi kankan, àdúrà làwọn máa gbà sílẹ̀ dè mí. Wọ́n fún wa ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì, gáìdì fúnra ẹ̀ fa okùn ti ẹnì kọ̀ọ̀kan títí a fi fẹ́ẹ̀ má lè mí, ó ní kó má ṣe sí ẹni tó máa tú u. Mo rántí àwọn bóòtù tiwa níbí tí wọ́n á ju jákẹ́ẹ̀tì tó ti gbó lé èèyàn lẹ́sẹ̀, tí kò sẹ́ni tó máa wò ó bóyá o wọ̀ ọ́. Ẹ̀mí àwọn èèyàn wa ń ṣòfò lórí omi nítorí ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn la rọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó ga o. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ tí mo gbójú sókè, ojú ọ̀run ti di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já, àpáta dúdú ló wà lọ́tùn-ún lósì, ooru oṣù kẹwàá ń ti ara àpáta yẹn jáde bíi ti ààrò. Afárá irin kan wà lókè lọ́hùn-ún tó so Zambia pọ̀ mọ́ Zimbabwe, 1905 ni wọ́n ti ṣí i, mítà 128 ló fi ga ju omi lọ. Tí wọ́n bá gbé NECOM House ti Marina wá sínú ọ̀gbun yẹn, nǹkan bíi mítà 30 péré ló máa fi yọrí lókè afárá. Mo jókòó sínú rọ́bà, mo ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá lórí ẹ̀, ó rí bí ohun ìṣeré ọmọdé.

Nọ́ńbà ni wọ́n fún àwọn ibi tí omi ti ń hó, wọ́n tún fún wọn lórúkọ. Ní nọ́ńbà 9, gáìdì ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, ká gba orí òkúta kọjá, wọ́n máa ti rọ́bà náà lófìfo, torí omi ibẹ̀ burú jù. Èyí jẹ́ kí n fọkàn tán wọn, pé wọ́n mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti dúró. Kí a tó débẹ̀ sá, omi ti gbé mi jù síta. Mo kàn gbọ́ "get down!", mi ò tíì tẹ̀ tán, mo ti wà lábẹ́ omi, ó ń yí mi, mi ò mọ òkè mi ò mọ ìsàlẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì yẹn ló fà mí jáde. Ọkùnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nìkan, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa tẹ̀ lé wa nítorí irú èyí, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó rántí láti pariwo. Mo di ọkọ̀ ẹ̀ mú, mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo padà sínú rọ́bà, mo mú àjẹ̀ mi.

Láàárín ibi tó ń hó kan sí òmíràn, omi á dákẹ́ pátápátá. Àwọn ìgbà yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Gáìdì á ní ká gbé àjẹ̀ sílẹ̀, á máa fi ọwọ́ tọ́ka sí ara àpáta, ó fi ibi tí omi máa ń gùn dé lásìkò tó bá kún hàn wá, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ó ní òkúta yíyọ́ tó gbóná bí iná tó ti abẹ́ ilẹ̀ jáde láyé àtijọ́ ló dì tó di àpáta dúdú yìí, ó sán bó ṣe ń tutù, ohun rírọ̀ kún inú ibi tó sán, ohun rírọ̀ yẹn lomi ń jẹ. Mo gbọ́ ọ, àmọ́ kò yé mi délẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìgòkè ni kò sẹ́ni tó sọ fún mi n'Ékòó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Lẹ́yìn tí ẹ ti wakọ̀ láti àárọ̀, ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi gun ọ̀gbun yẹn jáde, ibẹ̀ sì ju mítà 200 lọ, ó gbà mí tó ìṣẹ́jú 50, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo jókòó. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ gbé rọ́bà tí wọ́n ti tú afẹ́fẹ́ ẹ̀ sórí èjìká, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ẹ fún wọn lówó, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wọn le.

Hẹlikópítà ni àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n gbé wa lé òṣùwọ̀n kí wọ́n tó yan ìjókòó fún wa, kí ọkọ̀ má báa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fún wa ní ohun tí à ń dé sétí ká lè máa gbọ́ ara wa. Owó ẹ̀ lé ní dọ́là 150 lórí ẹnì kan, ìṣẹ́jú bíi 12 péré ni. Páílọ́ọ̀tì yí i sọ́tùn-ún, ó tún yí i sósì, kò sẹ́ni tí kò rí i dáadáa. Bí a ṣe gòkè báyìí ni mo rí ọ̀gbun náà látòkèdélẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, ó já sọ́tùn-ún, ó ṣẹ́rí padà sósì, ọ̀gbun kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀rọ̀ gáìdì wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìlà wọ̀nyẹn, ibi tí odò ti ń já nígbà kan rí ni. Ó jẹ àpáta tán níhìn-ín, ó sún sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó sì tún ń sún lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn igun tí mo fi àjẹ̀ wà kọjá lánàá, ògiri omi jíjá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo rí àwọn rọ́bà ọjọ́ yẹn nísàlẹ̀, wọ́n rí bí hóró àgbàdo. Mo fi wọ́n han Àǹtí. Wọ́n wò ó títí, mo wá gbọ́ ohùn wọn létí mi, "Ibẹ̀ lo wà lánàá? Ìwọ yìí?" Wọn ò sọ nǹkan mìíràn títí a fi balẹ̀, wọ́n kàn di orúnkún mi mú.

Ohun tí mò ń sọ nìyí. Àǹtí gbádùn hẹlikópítà, wọ́n ní ó lẹ́wà, àwòrán wọn pọ̀. Àmọ́ èmi mọ orúkọ ohun tí mò ń wò, mo mọ bí àpáta ibẹ̀ ṣe gbóná tó, mo mọ ìró omi ẹ̀, ìṣẹ́jú 12 yẹn sì tó mi. Ká ní òkè nìkan ni mo lọ, owó ńlá ni mo san fún fótò. Marun-un nínú marun-un fún ọkọ̀ rọ́bà, marun-un fún ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́, hẹlikópítà gba marun-un tí ẹ bá ti dé ìsàlẹ̀, mẹ́ta tí ẹ ò bá débẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì wa gba méjì.

Ẹ má sì pẹ́ jù. Zambia àti Zimbabwe ti ń gbèrò dáàmù sí ìsàlẹ̀ odò, nǹkan bíi kìlómítà 50 sí ibi tí omi ti ń já, 2,400 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n fẹ́ kó máa mú wá, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Tí wọ́n bá kọ́ ọ, omi tó máa dúró lẹ́yìn ẹ̀ máa bo ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi tó ń hó yẹn. Mi ò lè sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọ, àwa tí à ń sùn nínú òkùnkùn mọ ohun tí iná jẹ́. Àmọ́ tí mo bá rántí gáìdì wa, bó ṣe ń pe òkúta kọ̀ọ̀kan lórúkọ bí ẹni ń pe ọmọ ẹ̀, ó ń dùn mí.

Ẹ wọ bàtà tó ní okùn, slípáàsì máa bá omi lọ. Ẹ wọ aṣọ dúdú nínú hẹlikópítà, aṣọ funfun máa ń hàn nínú gíláàsì, á ba fótò jẹ́. Ní oṣù kẹrin omi máa ń kún gan-an, omi jíjá náà á dára púpọ̀, àmọ́ raft lè má lọ rárá. Ní oṣù kẹwàá tí a lọ, inú ọ̀gbun dáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi lọ́wọ́ Zambia ti gbẹ, àpáta lásán lẹ máa rí. Lójú tèmi, oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án ló dáa jù. Àǹtí ti ní kí n bá àwọn bèèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kẹsàn-án máa jẹ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ibi tí mo ti ṣubú.