Oníko tàbí alábẹ́rẹ́: àdìrẹ wo la ó ṣe fún èèyàn ẹni?

Ká ní àbúrò rẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, o sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ṣe ìró fún un. Ọ̀nà méjì ni ọmọ Abẹ́òkúta sábà máa ń bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Oníko ló yá. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí kóró èso lo máa fi sínú aṣọ, wàá fi ìko dì í pinpin, ó di inú aró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe òṣùbàmbà nìyẹn, àwọn òbìrí ńlá tó dà bí òṣùpá. Ọmọ ọdún 8 lè dì í. Èmi náà dì í, àmọ́ ó dẹ̀, aró wọlé, òṣùpá mi sì wọ̀ọ̀kùn.

Alábẹ́rẹ́ ò gba ìkánjú rárá. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ po, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ràn án lójú kéékèèké, wọ́n á wá fa òwú rẹ̀ le kó tó wọ aró. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ń ṣe é báyìí, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ ọwọ́ yàtọ̀. Títú u gan-an niṣẹ́ wà. Abẹ la fi ń já òwú náà, òwú ọ̀hún á sì ti dúdú bí aṣọ. Ìyá mi àgbà a gbé e sójú oòrùn, a fọwọ́ tọ ìlà rẹ̀ lọ: "Rọra, ọkọ mi, má fà á." Ihò kan péré, ìró ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, oníko ni n óò ṣe. Ìró tí mò ń ṣe fún ìyá mi, alábẹ́rẹ́ ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.